Mọ́tò Tó Ń Sunkún Lójú Ọ̀tún

Aṣọ funfun kan ni ọmọbìnrin télọ̀ kan tẹ́ sórí tábìlì wa ní àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó rọra tẹ́ ẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án kó má ká kò, bí ẹni tó fẹ́ gé ṣòkòtò oníbàárà. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan gùn láti òkè aṣọ náà dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ màmá mi nìyẹn, ọ̀gá," ó ní. "Ara mọ́tò bàbá mi ni mo ti nù ún."

Mo rọra sún àga mi sẹ́yìn. Sájẹ́ńtì ni mí. Mo ti lé olè wọ inú gọ́tà rí, mo ti gba àdá lọ́wọ́ ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ò sí lára ohun tí mo torí rẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá mi ò sún síbì kankan. Obìnrin ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ wa ń pè ní Àfẹ̀sọ̀, torí pé bí ilé tilẹ̀ ń jó, á kọ́kọ́ wá ibi tó máa jókòó sí. Ó gbé aṣọ náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí nígbà tó yá.

Ọmọbìnrin náà sọ ọ́. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí wa. Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mọ́tò kan gbá a níwájú ilé ìlagi, kò sì dúró. Ohun kan ṣoṣo tí mọ́tò náà fi sílẹ̀ ni ìdajì òrùka dídán tó máa ń yí iná iwájú ká. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wa wá mọ́tò tí òrùka iná ọ̀tún rẹ̀ ti yọ, wọ́n bá a lọ́wọ́ káfíńtà kan, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Láti ìgbà náà ló ti wà látìmọ́lé. Ọ̀túnla ni adájọ́ máa dájọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n gígùn ló ń dúró dè é.

"Látìgbà tí wọ́n ti sin màmá," télọ̀ ní, "gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ ni mọ́tò bàbá mi máa ń sunkún ẹ̀jẹ̀. Ojú ọ̀tún nìkan. Màá nù ún kí bàbá mi má bàa rí i, òjò mìíràn á rọ̀, á tún ṣàn. Màmá mi ò sinmi, ọ̀gá. Inú ń bí wọn pé wọn ò tíì dájọ́ fún ẹni tó pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún adájọ́ kí wọ́n má tún sún un síwájú mọ́."

Orí mi wú. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀, ìbéèrè ló bi í.

"Ṣé irú mọ́tò káfíńtà yẹn náà ni ti bàbá rẹ?"

"Irú kan náà ni. Mọ́tò àtijọ́ yẹn pọ̀ nílùú yìí. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà ni bàbá mi, àwọn ló ń bá gbogbo èèyàn tún un ṣe."

"Ṣé o tiẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ náà hàn wọ́n rí? Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó jẹ́."

Ọ̀gá mi tún wo aṣọ náà. "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀," ó tún un sọ, bíi pé ọ̀rọ̀ náà há sí i léyín. Ó wá dìde, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

*

Inú ọgbà kan náà ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù bàbá náà wà. Ilẹ̀kùn mọ́tò, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ká kò, bọ́ńpà tó wọ́, gbogbo wọn fara ti ògiri. Lórí ìṣó gígùn kan ni wọ́n so àwọn òrùka iná tuntun kọ́ sí, tàwọn ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi òòlù kékeré na etí ilẹ̀kùn kan. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn mi, ó gbé òòlù sílẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbẹ. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ó ti parí ni? Ṣé wọ́n ti dájọ́?"

"Ó di ọ̀túnla, Bàbá. Mọ́tò yín la wá wò."

Bàbá ò wò wá mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "O lọ sọ fún wọn," ó ní. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn wálẹ̀ ni.

Abẹ́ tapólì ni mọ́tò náà wà. Télọ̀ ló ká tapólì náà kúrò. Òjò àárọ̀ ti ráyè wọlé síbẹ̀. Lábẹ́ iná ọ̀tún, ìlà pupa kan ti ṣàn gba ara mọ́tò funfun náà dé orí bọ́ńpà, ó sì ń kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fojú ara mi rí i. Ara mi bù máṣọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí n lọ dúró ti mọ́tò tiwa kí àwọn ọmọ àdúgbò má bàa jí táyà rẹ̀.

Ibi tó ń sunkún kọ́ ni ọ̀gá mi dúró tì. Ojú òsì ló ń wò, èyí tí kò sunkún. Òrùka iná òsì náà ti ń bó. Awọ dídán ara rẹ̀ ti ṣí káàkiri, abẹ́ rẹ̀ sì funfun bí eyín. Ti ọ̀tún ò bó rárá. Ó ṣì ń dán, àfi létí ibi tí pupa náà ti ń jáde.

"Ta ló ń bá yín jà ládùúgbò yìí, Bàbá?" ọ̀gá mi béèrè.

"Kò sí. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà."

"Ẹ má dá wọn lóhùn," télọ̀ ní. "Alágbàfọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wa ńkọ́? Kò sí ìgbà tí kì í bá wọn fa ọ̀rọ̀."

Inú mi dùn. Ọ̀tá tó lẹ́sẹ̀ méjì, tó ń jẹun, tó ń sùn, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n mú. Mo sọ fún ọ̀gá mi ní kọ̀rọ̀ pé ẹnì kan ló ń da aró sí mọ́tò náà lára láti fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn wọ̀nyí, àti pé mo ti mọ ẹni náà. Ó ní ká lọ kí i.

*

Àárín aṣọ ni a ti bá alágbàfọ̀. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, kò sì dáwọ́ dúró nítorí wa.

"Aró wo ni mo fẹ́ lọ dà sí i lára?" ó ní. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi bá àbàwọ́n jà, èmi náà ni màá tún máa ṣe é?"

"Ẹ máa ń bá a jà," mo ní.

"Mo máa ń bá a jà dáadáa. Tó bá ti ń ha ọ̀dà lára mọ́tò, orí aṣọ funfun mi ni eruku rẹ̀ ń bà sí. Tí inú bá bí mi, màá lọ bá a nínú ọgbà rẹ̀, màá sọ ọ́ sí i létí. Ẹnu mi ò ṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò rẹ̀ ṣe?"

"Ẹ tún ti bá a jà láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú?" Ọ̀gá mi ló béèrè. Ó ti rí àga kan, ó ti jókòó.

Alágbàfọ̀ gbé ayọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Rárá o. Ta ló máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Àwàdà tiẹ̀ ni mo bá a ṣe kẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni, kí ìròyìn tó dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, mò ń sáré ká aṣọ lórí okùn, ni mo rí bàbá yìí tó ń fọ mọ́tò nínú òjò. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run bá yín fọ̀ ọ́.' Kò dá mi lóhùn."

"Ẹ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá."

"Ta ló bi mí? Wọ́n pa ìyàwó ẹni, kí n wá máa ròyìn pé ọkọ ń fọ mọ́tò? Ọ̀rọ̀ kò-tọ́ nìyẹn."

Nígbà tí a jáde, mo ní òun ni, pé ojú rẹ̀ ń yí. Ọ̀gá mi ní ojú tèmi náà ti ń yí láti ìgbà tí mo ti rí pupa yẹn, ṣé kí òun fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ dè mí? Mo wa mọ́tò wa padà sí àgọ́.

*

Ẹ̀yìn àgọ́ wa ni mọ́tò káfíńtà wà, koríko ti bo táyà rẹ̀. Ọ̀gá mi ní, "Sájẹ́ńtì, rédíò rẹ tó bàjẹ́ yẹn, ṣé ó ṣì wúlò fún ọ?" Kí n tó ronú ohun tí màá fi dáhùn, ó ti tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti yọ òòfà inú rẹ̀. Ó fi òòfà náà kan òrùka tó kù lójú òsì mọ́tò káfíńtà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Ó yọ ọ́, ó fi kan ìdajì òrùka tí wọ́n ṣà lójú títì lọ́jọ́ tí agbẹ̀bí kú. Òòfà náà jábọ́. Ó ní kí èmi náà ṣe é. Mo ṣe é, ó tún jábọ́.

"Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú irú mọ́tò yìí," ó ní, "irin ni ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi ṣe òrùka iná wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ dín ìnáwó kù. Wọ́n wá fi rọ́bà ṣe ti àwọn tó tẹ̀lé e, wọ́n fi nǹkan dídán bò ó kó lè jọ irin. Nígbà tí wọ́n bá wà ní tuntun, kò sí ojú tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìgbà ogbó ni wọ́n ń yàtọ̀. Rọ́bà á bó, irin á dógùn-ún."

"Irin tó dógùn-ún," mo ní. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára. "Ohun tó ń sunkún yẹn..."

"Irin ni. Irin tó wà lójú mọ́tò tí òrùka rẹ̀ yẹ kó jẹ́ rọ́bà."

Mi ò fẹ́ tètè gbà. Mo ní bóyá káfíńtà ti fi rọ́bà rọ́pò ti irin lójú ọ̀tún tirẹ̀ tipẹ́, kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ ibi tí òrùka náà ti yọ. Ihò síkúrù ni mo bá níbẹ̀, ó yípo. Ó wá yí ẹ̀yìn ìdajì òrùka rọ́bà náà sí mi, ó fi eyín pẹlẹbẹ méjì hàn mí tí wọ́n fi ń há a mọ́ ara mọ́tò láìsí síkúrù.

"Wá ihò tí eyín yìí máa wọ̀ fún mi."

Mo wá a. Kò sí. Ara mọ́tò káfíńtà ò lè di òrùka rọ́bà mú láéláé, ìyẹn ni pé kì í ṣe òun ló fi ìdajì yẹn sílẹ̀ lójú títì. Láti ọjọ́ yìí wá, a fi ọmọ ọlọ́mọ sórí sìmẹ́ńtì.

A lọ bá a lẹ́nu irin àtìmọ́lé. Ó ti máa ń pẹ́ kó tó gbójú sókè báyìí.

"Ibo ni òrùka ọ̀tún yín wà?" ọ̀gá mi bi í.

"Mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi, mà. Mo gbé mọ́tò lọ fún Bàbá Páńẹ́ẹ̀lì kó bá mi kùn ún. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó wọn ni. Mo tiẹ̀ bá wọn kẹ́dùn. Òrùka méjèèjì pé nígbà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e, ọ̀tún ò sí mọ́. Bàbá ní bí mo ṣe gbé e wá nìyẹn, ó sì búra bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ní ọ̀dà ni mo fẹ́ fi bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀. Ta lẹ rò pé wọ́n máa gbà gbọ́?"

Ó tún dùbúlẹ̀.

*

Bí a ṣe ń padà lọ sọ́dọ̀ bàbá náà, ọ̀gá mi ní kí n rán òun létí ohun tí ọlọ́dẹ ilé ìlagi, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, sọ ní kóòtù. Mo mọ̀ ọ́n lórí, torí pé ó ti dẹ́rù bà mí rí. Ọlọ́dẹ náà ní agbẹ̀bí dúró lábẹ́ òrùlé ilé ìlagi, ó yà fún òjò. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ mọ́tò kọjá. Lójijì ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sókè, ó sì bọ́ sójú títì.

"Kí lẹ̀yin ní ó fà á?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé wọ́n pè é ni, ọ̀gá."

"Ta ló pè é?"

"Àwọn tó máa ń pe èèyàn."

Ó mí kanlẹ̀. "Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, Sájẹ́ńtì. Máa wa mọ́tò."

Mo mọ̀ pé nǹkan ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ tí kò wù ú láti sọ. Ó tún sọ fún mi pé òrùka lásán lè má tó fún adájọ́. Wọ́n lè ní bàbá arúgbó kan jí òrùka, kí wọ́n sì tún ju káfíńtà sẹ́wọ̀n síbẹ̀. Ẹnu bàbá náà la nílò, ọ̀túnla ò sì jìnnà mọ́.

*

Télọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ọ̀gá mi ní kó wọlé lọ. Ó kọ̀, ó ní ìyá òun ni wọ́n pa.

Ọ̀gá mi fi òòfà kan òrùka òsì mọ́tò bàbá náà, ó jábọ́. Ó fi kan ti ọ̀tún, ó lẹ̀. Ó jẹ́ kí bàbá wò ó tán.

"Bàbá, iṣẹ́ irin lẹ fi tọ́ ọmọ yìí. Ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà yín máa mọ irin tó dógùn-ún. Ọmọ yín ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ ní ẹ ò mọ ohun tó jẹ́. Kí ló dé?"

Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Òrùka káfíńtà lẹ yọ. Ẹ lu ihò sí ara mọ́tò yín kí síkúrù lè wọ̀ ọ́, awọ dídán òrùka náà bó létí, ibẹ̀ lomi ń gbà dé ara irin. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí. Òrùka tuntun kún ara ògiri yín."

Ẹnu mi yún mi, mo fẹ́ sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọ̀gá mi fi ojú sọ fún mi pé kí n gbé e mì.

"Bàbá," télọ̀ ní, "ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Bàbá wo àwọn òrùka ara ògiri. "Tuntun á dán jù," ó ní. "Gbogbo ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ti káfíńtà ti gbó bí tèmi. Àti pé rọ́bà ló kó bá mi. Ká ní irin ni, kì bá ti ṣẹ́. Kì bá ti fi nǹkan kan sílẹ̀."

Télọ̀ di ẹsẹ̀ ìjókòó kan mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òjò bo gíláàsì," bàbá ní. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Nǹkan kan gbá mọ́tò. Ewúrẹ́ ni mo rò pé ó jẹ́. Mo délé, mo rí ẹ̀jẹ̀, mo fọ̀ ọ́. Mo wá jókòó, mò ń retí ìyá rẹ kó wá gbé oúnjẹ fún mi. Mò ń bínú pé ó pẹ́. Títí wọ́n fi dé, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, mo ṣì ń bínú sí i." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mo mọ̀ pé irin ló dógùn-ún. Mo ha á, mo kùn ún, ó tún jáde. Nígbà tó yá mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Irin ni, mo mọ̀ pé irin ni. Òun náà sì ni."

Ẹ̀rù bà mí ju ti àárọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí òkú kankan níbẹ̀ mọ́, àwa mẹ́rin nìkan ló wà níbẹ̀.

Télọ̀ gbójú sókè wo ọ̀gá mi. "Ṣebí gbogbo èèyàn ní wọ́n pe màmá mi ni. Ọlọ́dẹ ní wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ló gbé màmá mi bọ́ sójú títì?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọ̀gá mi tó fẹ́ sá fún ìbéèrè. Kò sá.

"Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, àbúrò mi. Èèyàn kì í rẹ́rìn-ín sí mọ́tò tí kò mọ̀. Mọ́tò ilé wọn ni wọ́n rí nínú òjò. Wọ́n jáde kí ọkọ wọn lè gbé wọn relé ni."

Mo rò pé bàbá máa ṣubú. Ó kàn mi orí.

"Ọjọ́ tí ọlọ́dẹ sọ ọ́ ní kóòtù ni mo ti mọ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí."

Alágbàfọ̀ ń korin lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan ní kó dákẹ́. Télọ̀ dìde nílẹ̀, ó wọlé. Nígbà tó jáde, bàtà bàbá rẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Ó gbé e síwájú rẹ̀, kò bá a wọ̀ ọ́.

"Ẹ wọ bàtà yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Nígbà tí bàbá ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́fíìsì, tí akọ̀wé wa ń kọ ọ́, télọ̀ bẹ ọ̀gá mi pé kí òun bá wa lọ síbi àtìmọ́lé. Ó yẹ kí n ní kò sí nínú òfin. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn.

Káfíńtà dìde jókòó. Ó mọ ọmọbìnrin náà. Gbogbo ìgbà tí a bá mú un lọ sí kóòtù ló máa ń rí i lẹ́nu géètì. Télọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo máa ń ṣépè fún yín lẹ́nu géètì," ó ní.

"Mo máa ń gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin kọ́. Wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é. Ẹ lè máa lọ sílé."

Káfíńtà wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀gá mi, kò sì dìde. "Ta ni?" ó ní.

Télọ̀ gbójú sókè wò ó.

"Bàbá mi ni."

Mo ń retí kí káfíńtà pariwo, kó bú u, kó bú àwa náà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ǹ bá ti dúró gbà á. Ó wá na ọwọ́, ó di apá ọmọbìnrin náà mú.

"Dìde, ọmọ," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn tutù."